ÒKÉTÉ KÌ Í GBẸ́ IHÒ ẸLẸ́NU KAN
Ẹ Bi Àwọn T'ó Ń Tọrọ Ìbò: Ihò Àsálà Dà?

Ẹ fi ara balẹ̀, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ọmọ rẹ̀ kà á s'étí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ l'a ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọdẹ tí kò mọ̀ pé òkété kì í gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu kan. Bí ẹ bá jókòó s'ẹ́nu ihò kan tí ẹ ń fẹ́ èéfín sí i, ẹnu kejì l'ó máa gbà jáde, yóò sì fi yín s'ílẹ̀ pẹ̀lú èéfín yín. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ t'ó gbọ́n fi ń kọ́kọ́ wá gbogbo ẹnu ihò náà kí ó tó ṣá iná. Òkété kò lọ sí yunifásítì. Kò gba ẹnjiníà s'íṣẹ́. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé ẹni t'ó bá máa gbé abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà méjì.

Ohun tí òkété mọ̀ yìí, àwọn olówó àti àwọn ìjọba kan kọ̀ láti mọ̀ ọ́n. Ènìyàn ni wọ́n fi ń san gbèsè rẹ̀.

Kí l'ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá? Èédú ni. Kì í ṣe èédú igi tí àwọn ìyá wa fi ń yan àgbàdo o. Èédú ilẹ̀ ni, òkúta dúdú tí a ń wà l'ábẹ́ ilẹ̀, tí ó ń jó. L'órílẹ̀-èdè wa, ọ̀rọ̀ pé a ó jí iṣẹ́ èédú dìde kì í tán l'ẹ́nu ìjọba. Eléyìí wá, ó ní òun yóò jí i. Eléyìí lọ, òmíràn dé, òun náà ní òun yóò jí i. Kò burú. Iṣẹ́ l'a ń wá, a kò kọ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ wa kò bá èédú jà. Ṣùgbọ́n ilé l'à ń wò k'á tó sọ ọmọ l'órúkọ. Kí ẹnikẹ́ni tó kó ọmọ yín wọ abẹ́ ilẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì péré: Ibo ni atẹ́gùn yóò gbà wọlé? Ibo ni ọmọ mi yóò gbà jáde bí ọ̀nà kìíní bá dí?

Ẹ jẹ́ k'á ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé f'ọ́mọ. Bí wọ́n ti ń gé èédú l'ábẹ́ ilẹ̀ ni gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní methane ń tú jáde l'ára rẹ̀. Ojú kò rí i, imú kò gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá da ara pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó ìdá 5 sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, iná pàrà kan ṣoṣo l'ára wáyà tàbí l'ára ẹ́ńjìnì ti tó: á bú gbàmù! Lẹ́yìn ìbúgbàmù náà, gáàsì olóró mìíràn á gba gbogbo inú kòtò, carbon monoxide l'orúkọ rẹ̀. Ẹ ti mọ òun náà. Òun l'ó ń pa àwọn t'ó gbé jẹnẹrétọ̀ s'ínú ilé tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn sùn. Ẹni tí iná kò pa, òun l'ó máa pa á.

Oògùn rẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni ihò atẹ́gùn. Atẹ́gùn tútù gbọ́dọ̀ máa gba ọ̀nà kan wọlé, kí ó gbá gáàsì náà, kí ó sì máa gba ọ̀nà mìíràn jáde, bí ilé ìdáná tí ó ní ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Fáànù ńlá ni yóò máa fà á t'ọ̀sán t'òru. Bí fáànù náà bá dúró, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró. Èkejì ni ihò àsálà, ìyẹn ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà jáde bí ọ̀nà ńlá bá dí. Ọ̀nà méjèèjì kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, wọn kò sì gbọdọ̀ wà l'ójú kan, kí ewu kan má baà dí méjèèjì l'ẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀rù lásán l'ẹ fi ń ba àwọn ará abúlé." Họ́wù! Ẹ jẹ́ k'á sọ ohun tí ojú ayé ti rí.

L'ọ́dún 1862, ní ìlú New Hartley l'ápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kòtò èédú kan wà tí ihò rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Inú ihò yẹn l'àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà jáde. Ibẹ̀ kan náà l'atẹ́gùn ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde. Pákó l'a fi là á sí méjì. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní, ọ̀pá irin ńlá tí ó wà l'ára ẹ́ńjìnì tí ń fa omi kòtò náà kán. Tọ́ọ̀nù 42 ni odindi rẹ̀ wọ̀n. Ìdajì rẹ̀ já lu inú ihò náà, ó fọ́ pákó, ó wó ògiri, ó di ọ̀nà pa pátápátá. Ènìyàn 204 l'ó kú, bàbá àti ọmọ. Àwọn díẹ̀ ni irin pa. Ìyókù, irin kò kàn wọ́n rárá. Wọ́n wà n'ísàlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń retí kí ará ilé wá yọ wọ́n, gáàsì olóró sì pa wọ́n bí ẹni sùn. Ọjọ́ mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

L'ọ́dún kan náà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kòtò èédú kò gbọdọ̀ ní ihò kan mọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ẹ kíyè sí i o. Kí irin náà tó já, wọ́n mọ̀ pé ihò kejì dára. Owó l'ó dùn wọ́n. Òkú 204 ni wọ́n fi ra òfin náà.

Ẹ ó ní, "Ayé àtijọ́ nìyẹn, ojú ti là." Ojú wo l'ó là? Ẹ tẹ̀lé wa dé New Zealand, orílẹ̀-èdè olówó, tí iná wọn kì í ṣẹ́jú.

Kòtò èédú kan wà nínú òkè ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, Pike River ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà ihò gbọọrọ kan tí ó gùn ju kìlómítà méjì lọ l'àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé. Ọ̀nà kejì ńkọ́? Nínú ìwé, ó wà. Ní ti òótọ́, ihò atẹ́gùn ni wọ́n kan àkàbà mọ́ l'ára, ni wọ́n wá sọ ọ́ ní ọ̀nà àsálà. Ihò náà ga ju 100 mítà lọ. Ẹ gbé pápá bọ́ọ̀lù dúró bí ẹni gbé òpó, kí ẹ wá ní kí ènìyàn gùn ún nínú òkùnkùn, nínú èéfín, pẹ̀lú ẹrù l'ẹ́yìn. Apá ìsàlẹ̀ ihò ọ̀hún tilẹ̀ ti wó l'ọ́dún 2009, ni wọ́n bá gbẹ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú kékeré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ihò yìí gan-an ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ń gbà jáde! Bí iná bá ṣẹ́ n'ísàlẹ̀, ibẹ̀ ni èéfín yóò gbà. Ṣé ẹni tí ń sá fún èéfín l'a ó ní kí ó gba inú ṣímínì?

Ó kù. Fáànù ńlá tí í ṣe èémí kòtò náà, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ìgbìmọ̀ aṣèwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà sọ pé kò sí kòtò èédú oní-gáàsì kankan l'ágbàáyé tí ó ṣe irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí ohun tí fáànù ń lé bá bú, fáànù ni yóò kọ́kọ́ bá a lọ.

Ilé-iṣẹ́ náà ti jẹ gbèsè, èédú kò jáde tó bí wọ́n ti ṣèlérí, àwọn t'ó dá owó ń retí èrè. Nítorí náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé èédú kí ihò àsálà gidi tó wà. Ìgbìmọ̀ aṣèwádìí ká a pé l'áàárín ọjọ́ 48 t'ó gbẹ̀yìn, ìgbà 21 ni ìròyìn jáde pé gáàsì ti dé ìwọ̀n tí ó lè bú, ìgbà 27 mìíràn ni ó dé ìwọ̀n eléwu tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ń sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ ń kọ ọ́ s'ínú ìwé. Àwọn ọ̀gá kò dá iṣẹ́ dúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2010, ó bú. Ènìyàn 31 l'ó wà n'ínú. Méjì péré l'ó rìn jáde. Ènìyàn 29 kò jáde mọ́. Ẹni t'ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ọjọ́ karùn-ún ó tún bú l'ẹ́ẹ̀kejì, ìrètí sì pin.

A kò ní purọ́ fún yín. Àwọn aṣèwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn 29 náà ti kú l'ójú ẹsẹ̀ tàbí kété lẹ́yìn ìbúgbàmù kìíní. Alátakò á wá ní, "Ẹ ò rí i? Ihò àsálà ì bá má wúlò." Ó ti o! Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ dáadáa, gáàsì kò ní í tó ìwọ̀n tí ó ń bú. Bí wọ́n bá sì dúró títí ọ̀nà kejì fi parí kí wọ́n tó gé èédú, ọmọ ọdún 17 yẹn kì bá tí wà n'ísàlẹ̀ l'ọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó kọ̀ láti gbẹ́ ihò kejì ti fi hàn yín irú ẹni tí ó jẹ́ nípa ìyókù.

Ìjọba ńkọ́? Òfin wà. Ìwé wà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba wà. Ṣùgbọ́n wolé-wolé kùsà méjì péré l'ó wà fún odindi orílẹ̀-èdè! Ẹ̀yin t'ó mọ ayé wolé-wolé, tí ń yẹ ìkòkò omi wò ní gbogbo agboolé, ẹ ro ó wò: ènìyàn méjì fún gbogbo kòtò ilẹ̀ náà. L'ọ́dún 2012 ni ìgbìmọ̀ aṣèwádìí sọ ọ́ l'ójú gbogbo ayé pé ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ ìjọba ti ti kòtò náà pa. Mínísítà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà l'ọ́wọ́ rẹ̀ fi ipò náà s'ílẹ̀. L'ọ́dún 2013 ilé-ẹjọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà l'ẹ́bi. Wọ́n fi ẹjọ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà s'ílẹ̀ l'ọ́dún yẹn kan náà, lẹ́yìn àdéhùn pé owó yóò wọlé fún àwọn ẹbí òkú. L'ọ́dún 2017 ni ilé-ẹjọ́ t'ó ga jù níbẹ̀ sọ pé àdéhùn náà kò bá òfin mu.

Ibi tí ó kan yín nìyí, ẹ̀yin olùdìbò. Àwọn opó àti òbí àwọn 29 náà kò dákẹ́. Wọ́n ń pariwo pé kí a tún wọ inú kòtò náà, kí a lè mọ ohun t'ó pa ènìyàn wọn. Ìjọba t'ó wà l'órí àléfà ní kò ṣeé ṣe, ewu ni. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2017 dé, àwọn ẹgbẹ́ alátakò ṣèlérí pé bí àwọn bá wọlé, wọn yóò wọ ibẹ̀. Wọ́n wọlé. L'ọ́dún 2019 wọ́n ṣí ẹnu kòtò tí a ti fi kankéré dí, nígbà tí yóò fi di ọdún 2021 wọ́n ti rìn dé òpin ọ̀nà ihò gbọọrọ náà. Wọn kò dé ibi tí òkú wà, nítorí pé ilẹ̀ ti wó dí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ yé wa: ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe, ìbò l'ó mú un ṣeé ṣe.

Àwọn kan á tún ní, "Owó t'ó máa gbẹ́ ihò kejì pọ̀ jù." Ṣé ẹ mọ ohun t'ó gbẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ Pike River? Oṣù kan kò pé lẹ́yìn ìbúgbàmù náà tí àwọn agbówó-sin-owó fi gbà á l'ọ́wọ́ àwọn t'ó ni ín. Èédú kù s'ábẹ́ òkè, owó ṣòfò, iṣẹ́ parẹ́, ènìyàn kú. Ahun t'ó kọ̀ láti ra okùn tuntun, tí korobá rẹ̀ já s'ínú kànga, ṣé ó jèrè okùn?

Ní ìlú Soma ní ilẹ̀ Tọ́kì, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2014, iná àti gáàsì olóró pa ènìyàn 301 nínú kòtò èédú kan. Ó di ọdún 2015, lẹ́yìn tí a ti sin 301, kí Tọ́kì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àgbáyé kẹrìndínlọ́gọ́sàn-án ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ìyẹn Nọ́ńbà 176, tí a ti kọ láti ọdún 1995. Kí l'ó wà nínú ìwé náà? Pé kí atẹ́gùn tó fún ẹni t'ó bá wà n'ísàlẹ̀, àti pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan l'ábẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀nà méjì t'ó dé òkè. Ọgbọ́n òkété náà ni.

Ẹ má sọ pé èédú kò kàn wá ní ilẹ̀ Yorùbá. L'ọ́dún 1909 ni wọ́n rí èédú ní Ẹnúgù, l'ọ́dún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Èédú yẹn ni rélùwéè fi ń sáré k'ọjá ní Ìbàdàn àti Òṣogbo. Òun ni wọ́n fi tan iná mànàmáná láti Ìjọra fún gbogbo Èkó. Òógùn ọmọ ẹlòmíràn l'abẹ́ ilẹ̀ ni bàbá wa fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì bèèrè ẹ̀tọ́ wọn ní Iva Valley, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa 21 nínú wọn. Ìgbà yẹn, ẹkùn Ẹnúgù dé Èkó, àwọn olóṣèlú láti ẹ̀yà gbogbo sì fi ohùn ṣọ̀kan. Nítorí náà, òkèèrè l'ólójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. L'ónìí ńkọ́? Ní agbègbè Iléṣà, àwọn ọmọ wa àti àwọn àlejò ń fi ọwọ́ gbẹ́ kòtò wá góòlù, láìsí ìwé àṣẹ, láìsí ọ̀nà kejì. Góòlù o, èédú o, ilẹ̀ t'ó bá wó kò mọ orúkọ ohun tí a ń wà.

Ẹ jẹ́ k'á sọ èyí t'ó kan ìbò gan-an. Òfin ilẹ̀ wa fi ọ̀rọ̀ kùsà s'ọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Gómìnà kò lè ṣòfin rẹ̀, alága káńsù kò lè ṣe é. Abuja ni. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 dá ẹ̀ka wolé-wolé kùsà s'ílẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n New Zealand náà ní òfin, wọ́n ní wolé-wolé méjì. Òfin tí kò ní ẹsẹ̀, tí kò ní ọkọ̀, tí kò ní ẹni tí ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wò, ìwé tí a fi ń di ẹ̀pà ni. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lọ Sẹ́nétọ̀, ẹni tí ó ń lọ ilé aṣojú-ṣòfin, ẹni tí ó ń du ipò Ààrẹ, àwọn l'ẹ ó dì mú. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí wọ́n tó gbé ìrẹsì s'ílẹ̀, ẹ bi wọ́n:

Èkíní: Ṣé ẹ ó ṣe é l'ófin pé kò sí ẹni tí yóò gé èédú kan ṣoṣo kí ọ̀nà àsálà kejì tó parí, kí a sì ti fi ènìyàn rìn ín wò?

Èkejì: Ṣé ọ̀nà kejì náà yóò jẹ́ èyí tí atẹ́gùn tútù ń gbà, tí èéfín kò ní í gbà?

Ẹ̀kẹta: Ṣé òkè ilẹ̀ ni fáànù àgbà yóò wà, pẹ̀lú èkejì t'ó máa ṣiṣẹ́ bí ìkíní bá kú?

Ẹ̀kẹrin: Wolé-wolé kùsà mélòó l'ẹ ó gbà, ṣé wọ́n sì ní agbára láti ti kòtò pa l'ọ́jọ́ náà gan-an láìdúró de ìwé láti Abuja?

Ẹ̀karùn-ún: Ṣé òṣìṣẹ́ yóò lè rí ìwé tí a kọ ìwọ̀n gáàsì sí, kí ó sì lè sọ pé "Èmi ò wọlé l'ónìí" láìjẹ́ pé a lé e?

Bí ó bá dáhùn márààrún, ẹ ní kí ó kọ ọ́ s'ílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i l'ójú gbogbo ìlú. Ẹgbẹ́ wa náà wà nínú rẹ̀. Ẹ bi àwọn tiwa bí ẹ bá ti ń bi àwọn tiwọn. Bí tiwa kò bá lè dáhùn, ẹ lé òun náà. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, tí ó ní, "Ẹ̀yin mà gbọ́n o, a ó máa wo ìyẹn t'ó bá yá," ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Ẹní gbin ọgọ́rùn-ún iṣu t'ó ní òun gbin igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á jókòó jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu. Ẹni t'ó bá purọ́ ihò àsálà, kì í ṣe òun ni yóò jẹ irọ́ náà. Ọmọ yín ni.

Ìrẹsì kóńgò kan, ọjọ́ mẹ́ta l'ẹ ó fi jẹ ẹ́. Ọdún mẹ́rin l'ẹni tí ẹ fi ìbò gbé dé Abuja máa lò níbẹ̀. Kòtò tí ó bá fọwọ́ sí láìsí ọ̀nà kejì lè wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún.

Ẹ jí gìrì! Ẹ mú káàdì ìdìbò yín l'ọ́wọ́. Ẹ sọ ọ́ fún ará ilé, ẹ sọ ọ́ l'ọ́jà, ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí: kò sí ihò àsálà, kò sí ìbò.

Òkété mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí a gbọ́ pé ẹran igbó gbọ́n ju olùdìbò lọ.